George Duke: ṣé iṣẹ́ agbórinjáde ló gba ọ̀gá onídùùrù yìí lọ́wọ́ wa?

Adúróti_Dùùrù kọ pé:

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará ilé. Nínú ìjíròrò wa tó kọjá lórí àwọn olórin Amẹ́ríkà tó da jáàsì pọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì, ẹnì kan sọ pé George Duke ta ogún ìbí rẹ̀ nígbà tó di agbórinjáde, ìyẹn ẹni tó ń jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, tó ń tọ́ orin ẹlòmíràn sọ́nà títí tí yóò fi di àwo lórí àtẹ. Ọ̀rọ̀ náà wúwo létí mi, n kò sì fẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé a gbé e yẹ̀ wò. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ kan náà ni ọkùnrin yìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin: ó máa ń tẹ́tí sí ohun tó wà nínú ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, á sì wá ohùn tí yóò gbé e jáde.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 1946 ni wọ́n bí i ní San Rafael, ní ìpínlẹ̀ California, ó sì dàgbà ní Marin City, àdúgbò tí wọ́n kọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Sausalito. Ọmọ ọdún 4 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un lọ wo Duke Ellington, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sinmi mọ́, àfi kí wọ́n ra dùùrù fún òun. Ìgbà tó di ọmọ ọdún 7 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ìjọ Onítẹ̀bọmi ní àdúgbò wọn ni ó sì ti rí i bí orin ṣe ń mú èrò dìde lórí ìjókòó. Nígbà tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga orin ní San Francisco, fèrè trombone àti ìmọ̀ orin kíkọ ni ó fi gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún 1967, kì í ṣe dùùrù. Ó tún kọ́ béèsì ńlá olókùn mọ́ ọn. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa, nítorí ẹni tó mọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú fèrè àti nínú okùn kò lè fi ojú onídùùrù nìkan wo orin mọ́.

Ní àsìkò yẹn kan náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré ní ilé ìgbafẹ́ kan tó ń jẹ́ Half Note ní San Francisco, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ayé kò tíì mọ̀ ti ń kọrin níwájú wọn. Al Jarreau ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kí Duke tó pé ọmọ ọdún 22, ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbé akọrin rìn.

Ọmọ_Onílù fèsì pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Adúróti. Ẹ ti fo ibi tó dùn jù lọ o. Ní ọdún 1969, Duke gbọ́ pé Jean-Luc Ponty, ará Faransé tó ń ta fáyólìnì, ń bọ̀ wá gbohùn sílẹ̀ ní California. Ó kọ̀wé sí agbórinjáde Ponty, Richard Bock, ó sì fi àpẹẹrẹ orin rẹ̀ ránṣẹ́, ó ní kò sí onídùùrù mìíràn tó yẹ ọkùnrin náà bí kò ṣe òun. Ẹ wo ìgboyà! Bí ẹnì kan bá kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, a óò ní orí rẹ̀ ti wú. Wọ́n pè é lóòótọ́, wọ́n sì jọ ṣeré ní Thee Experience, ilé ìgbafẹ́ àwọn ọmọ rọ́ọ̀kì ní Los Angeles, níbi tí wọ́n ti gbé dùùrù oníná Fender Rhodes ka iwájú rẹ̀ dípò píánò onígi tó ti mọ́ ọn lára. Frank Zappa, onígìtá rọ́ọ̀kì, Cannonball Adderley, afọnfèrè saxophone nínú jáàsì, àti Quincy Jones, agbórinjáde, wà lára àwọn tó wá wòran. Nínú eré kan ṣoṣo yẹn, Duke rí ohun èlò tuntun, ó sì tún rí àwọn tó máa gbà á síṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ Zappa ni ó kọ́kọ́ lọ ní ọdún 1970, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní The Mothers. Duke fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé inú òun kò dùn nígbà tí Zappa ní kí òun máa tẹ ohùn mẹ́ta-mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nínú rọ́ọ̀kì àtijọ́. Ọmọ ilé ìwé gíga ni, ó ti gba ìwé ẹ̀rí, irú eré bẹ́ẹ̀ sì rẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Zappa tún ní kí ó máa kọrin, ohun tí kò fẹ́ ṣe rárá. Àmọ́ ó ṣe é, ohùn rẹ̀ ni a sì ń gbọ́ títí dòní nínú àwọn orin Zappa tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù. Láàárín kan, ó fi Zappa sílẹ̀, ó bọ́ sí ipò tí Joe Zawinul fi sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Cannonball Adderley, ó sì padà sọ́dọ̀ Zappa ní ọdún 1973. Ilé ẹ̀kọ́ méjì tí kò jọra wọn ni ọkùnrin yìí gbà kọjá: ọ̀gá kan ń kọ́ ọ pé kí ó má ṣe fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ohunkóhun, èkejì ń kọ́ ọ bí a ṣe ń bá àwùjọ sọ̀rọ̀.

Alárìíwísí fèsì pé:

Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́sí, n kò sì kó o jẹ. Ẹ má ṣe rò pé n kò ka Duke sí, nítorí pé mo kà á sí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dùn mí.

Ẹ wo iṣẹ́ tó ṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ àwo-orin MPS, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Villingen lórílẹ̀-èdè Jámánì. Faces in Reflection jáde ní ọdún 1974, ènìyàn mẹ́ta péré ló wà ní ìdí rẹ̀: Duke, John Heard lórí béèsì àti Leon "Ndugu" Chancler lórí ìlù. Feel jáde ní ọdún kan náà, Zappa sì ta gìtá nínú rẹ̀ lábẹ́ orúkọ ìnagijẹ. The Aura Will Prevail dé ní ọdún 1975, níbi tí Duke ti tún "Uncle Remus" ṣe, orin tí òun àti Zappa jọ kọ. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ tí òun àti onílù Billy Cobham jọ darí, tí wọ́n gbohùn eré wọn sílẹ̀ ní Yúróòpù ní ọdún 1976 pẹ̀lú John Scofield lórí gìtá. Ẹni tó bá gbọ́ àwọn àwo wọ̀nyí tẹ̀ léra wọn yóò mọ̀ pé ọ̀nà tí ọkùnrin yìí ń là, ẹnikẹ́ni kò tíì gbà á rí.

Ní ọdún 1977, ó bọ́ sí ilé-iṣẹ́ Epic. Reach for It jáde, ó tà dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń fúnni ní àwo góòlù, "Dukey Stick" sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1978. Orin ijó ni méjèèjì, wọ́n dára fún ijó, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń béèrè ni pé níbo ni ọkùnrin tó kọ Faces in Reflection wọ̀ sí? Nígbà tó fi máa di ọdún 1984, orin fíìmù ni ó ń gbé jáde. Owó dé, orin jáàsì sì jókòó sẹ́yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Orin fèsì pé:

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ yín. Èmi ni mo ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, "Sweet Baby" nìkan ni mo sì mọ̀ ọkùnrin yìí mọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo gbọ́ orin Zappa kan tí ó ti tẹ dùùrù. Mo rò pé gìtá ni mo ń gbọ́. Báwo ni ẹni tó ń tẹ dùùrù ṣe ń mú ohùn yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bẹ́ẹ̀? Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí dùùrù tèmi, ó kàn ń dún bí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ni.

Adúróti_Dùùrù fèsì pé:

Àbúrò, ìbéèrè rẹ dára, yóò sì ràn wá lọ́wọ́ nínú àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ yìí.

Píánò onígi kò lè yí ohùn padà lẹ́yìn tí o bá ti tẹ̀ ẹ́. Ohùn tí kọ́kọ́rọ́ bá gbé jáde náà ni yóò máa dún títí yóò fi kú. Synthesizer ayé ìgbà náà, ìyẹn dùùrù oníná tó ń fi iná mànàmáná dá ohùn, bíi Minimoog, yàtọ̀. Ohùn kan ṣoṣo ni ó lè gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló níṣẹ́ lórí kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ òsì wà lórí àgbá kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́, èyí tí wọ́n ń yí síwájú kí ohùn lè gòkè, tí wọ́n sì ń yí sẹ́yìn kí ó lè rẹlẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ra ẹ̀rọ náà máa ń tẹ ohùn tán kí wọ́n tó yí àgbá, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi ń dún bí tìrẹ. Ohun tí Duke ń ṣe ni pé á ti yí àgbá sísàlẹ̀ kí ó tó tẹ kọ́kọ́rọ́, á tẹ̀ ẹ́, á sì jẹ́ kí ohùn náà gòkè wá bá ibi tó yẹ kó wà, díẹ̀díẹ̀ nígbà mìíràn, kíákíá nígbà mìíràn, gẹ́gẹ́ bí onídùndún ṣe ń fún ọṣán mọ́ra kí ìlù lè fọhùn. Kò sí ohùn méjì tó máa ń yọ̀ lọ́nà kan náà nínú eré rẹ̀.

Lọ gbọ́ "Inca Roads" nínú àwo One Size Fits All tí Zappa gbé jáde ní ọdún 1975. Ó lé ní ìṣẹ́jú 8. Duke ni akọrin, Ruth Underwood ń lu marimba, ohun èlò onígi tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìṣísẹ̀ orin náà sì ń yí padà débi pé ẹni tó bá ń ka iye ìlù yóò pàdánù rẹ̀. Lẹ́yìn tí gìtá Zappa bá ti sọ tirẹ̀ tán, dúró de ibi tí Duke ti gba orin náà mú. Ìwọ yóò gbọ́ ẹni tó ń mí láàárín gbólóhùn, bíi pé fèrè trombone tó kọ́ nílé ìwé ṣì wà ní ẹnu rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí Alárìíwísí rò nìyí: ẹni tó lè mú ẹ̀rọ tí kò lẹ́mìí kọrin, ṣé ó yà wá lẹ́nu pé àwọn akọrin gidi sáré lọ bá a?

Ìyá_Àwo_Orin fèsì pé:

Ẹ kú àríyànjiyàn, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń ra àwo láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ yín kò tíì dáyé, n ó sì fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ agbórinjáde gan-an, nítorí Alárìíwísí ń sọ ọ́ bíi pé ẹni tó ń ka owó ní ìdí ẹ̀rọ ni.

Agbórinjáde ló ń yan kọ́kọ́rọ́ orin tí kò ní fún akọrin lọ́fun. Òun ló ń pinnu ẹni tí yóò lu ìlù, ẹni tí yóò ta béèsì, ibi tí àwọn agberin yóò ti wọlé, àti èyí tó ṣòro jù lọ, ìgbà tí ó yẹ kí a sọ pé ó tó, ẹ pa ẹ̀rọ. Duke bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí pẹ̀lú Raul de Souza, ará Brazil tó ń fọn trombone, ní ọdún 1977. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ A Taste of Honey wá bá a pẹ̀lú "Sukiyaki", orin àwọn ará Japan láti ọdún 1961, tí Janice-Marie Johnson kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí. Ayé ìgbà yẹn, ijó dísíkò ni wọ́n mọ ẹgbẹ́ náà mọ́. Duke kò fi ìlù dísíkò sí i. Ó jẹ́ kí koto, ohun èlò olókùn ti ilẹ̀ Japan, máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ohùn akọrin, orin náà sì dé ipò 3 lórí àtẹ Billboard ní ọdún 1981. Ẹni tó mọ ìgbà tí kò yẹ kí ìlù dún, olórin ni.

Ẹ wo Jeffrey Osborne pẹ̀lú. Nínú ẹgbẹ́ L.T.D. ni ó ti wá, níbi tó ti jẹ́ onílù kí ó tó di akọrin. Duke ló gbé àwo mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde láàárín ọdún 1982 sí 1984, "On the Wings of Love" sì wà nínú èkínní. Títí dòní, kò sí ìgbéyàwó tí mo lọ ní ìlú ńlá tí wọn kò fi orin yẹn jó. Ní ọdún 1984 kan náà ni "Let's Hear It for the Boy" tí Deniece Williams kọ, tí Duke sì gbé jáde, gun orí àtẹ ní Amẹ́ríkà, ó sì bọ́ sí ipò kìíní. Orin fíìmù Footloose ni lóòótọ́. Kí ló kù díẹ̀ káàtó nínú kí orin fíìmù dára?

Mo sì fẹ́ rán Alárìíwísí létí Miles Davis, ọ̀gá afọnfèrè jáàsì. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo Tutu, tí wọ́n fi orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Desmond Tutu sọ, tó sì jáde ní ọdún 1986, wọ́n ní kí Duke fi orin kan ránṣẹ́. Ó ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ nílé lórí Synclavier, ẹ̀rọ kan tó ń fi kọ̀ǹpútà dá ohùn, ó rò pé wọn yóò pe àwọn ènìyàn gidi láti tún un ṣe. Miles gbọ́ ọ, ó fọn fèrè rẹ̀ sórí àpẹẹrẹ yẹn gan-an, bẹ́ẹ̀ ni "Backyard Ritual" ṣe di orin. Ọkùnrin tí jáàsì ti jókòó sẹ́yìn nínú ayé rẹ̀, kí ni Miles Davis ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀?

Alárìíwísí fèsì pé:

Ẹ ṣeun mà, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ti na mí dáadáa níbi ọ̀rọ̀ Miles, mo sì gba ohun tí ẹ sọ nípa "Sukiyaki" wọlé pátápátá. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè mi sí ọ̀nà mìíràn. Duke agbórinjáde ṣiṣẹ́ fún àwọn ohùn ńlá, ó sì ṣe é dáadáa. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn àwo tí ó ń ṣe lórúkọ ara rẹ̀ ní àsìkò kan náà. Dream On, Guardian of the Light, mo ti gbọ́ wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Orin ìfẹ́ dídán ni, ohùn wọn mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ewu kò sí níbẹ̀. Nínú Feel, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹgbẹ́ náà lè ṣubú nígbàkigbà, tí wọn kì í sì í ṣubú. Ìyẹn ni mo pè ní ogún ìbí.

Ọmọ_Èkìtì_ní_Rio fèsì pé:

Rio de Janeiro ni mo ń gbé, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Alárìíwísí fo àwo kan tó bọ́ sí àárín gbùngbùn ohun tó ń wá. Ìlú yìí ni Duke wá ní ọdún 1979 láti gbohùn A Brazilian Love Affair sílẹ̀, àwo náà sì jáde ní ọdún 1980. Kò wá bí àlejò tó fẹ́ ra ohun ìrántí. Kí ó tó wá, ó ti tẹ dùùrù nínú àwọn àwo Flora Purim, akọrin ará Brazil, láti orí Butterfly Dreams, ó sì ti gbé Raul de Souza jáde gẹ́gẹ́ bí ìyá wa ṣe sọ. Flora àti ọkọ rẹ̀, Airto Moreira, wà nínú àwo náà. Toninho Horta ta gìtá. Milton Nascimento wá kọrin tirẹ̀ fúnra rẹ̀, "Cravo e Canela" àti "Ao Que Vai Nascer", níbi tí Duke ti fà sẹ́yìn, tó fi dùùrù rìn lẹ́yìn ohùn ọkùnrin náà bí ẹni tó ń tẹ̀ lé àgbà lọ sí òde.

Ibi tí n ó ti tako ẹ̀gbọ́n Adúróti nìyí, nítorí ẹ ní iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lójú tèmi, ní Rio ni iṣẹ́ méjèèjì ti kọ́kọ́ pàdé. Ṣáájú ìgbà náà, bí ó bá ń ṣe àwo tirẹ̀, òun ló máa ń wà níwájú. Bí ó bá ń gbé ti ẹlòmíràn jáde, á bọ́ sẹ́yìn. Nínú àwo yìí, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí páálí, ṣùgbọ́n ó hùwà bí agbórinjáde sí àwọn àlejò rẹ̀.

Ọmọ_Onílù fèsì pé:

Ọ̀rọ̀ ará Èkìtì yìí wọ̀ mí létí. N ó fi kún un pé ẹgbẹ́ Duke fúnra rẹ̀ jẹ́ ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti gba orúkọ. Ndugu Chancler tí Alárìíwísí dárúkọ nínú Faces in Reflection, òun náà ló lu ìlù "Billie Jean" fún Michael Jackson. Sheila Escovedo, tí gbogbo ayé padà mọ̀ sí Sheila E., ń lu ìlù ọwọ́ nínú ẹgbẹ́ Duke kí ó tó bá Prince ṣiṣẹ́. Napoleon Murphy Brock bá a kúrò lọ́dọ̀ Zappa. Stanley Clarke, ọ̀gá onígìtá béèsì, ni wọ́n jọ dá Clarke/Duke Project sílẹ̀ ní ọdún 1981, "Sweet Baby" tí àbúrò wa mọ̀ sì ti ibẹ̀ jáde.

Fún ẹni tó ń wá ewu, Alárìíwísí, ṣé ẹ ti gbọ́ Muir Woods Suite? Duke kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ olóhun-èlò ńlá, wọ́n sì ṣe é ní àjọ̀dún orin Montreux, ní Switzerland, ní ọdún 1993. Ẹgbẹ́ olóhun-èlò ti ìlú Lille ló jókòó sẹ́yìn, Stanley Clarke lórí béèsì, Chester Thompson lórí ìlù, Paulinho da Costa lórí àwọn ìlù ọwọ́. Igbó ńlá kan ní Marin, nítòsí ibi tó dàgbà sí, ni ó fi sọ orúkọ rẹ̀. Owó orin fíìmù tí ẹ ń bú, bóyá òun ló fún un láyè láti kọ irú iṣẹ́ tí kò lè sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ọkùnrin kan náà ló darí orin níbi ayẹyẹ tí wọ́n ṣe fún Nelson Mandela ní pápá Wembley ní London, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ kí gbogbo àwọn olórin tó wọlé bá ìlù tó tọ́ sí wọn nílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Orin fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń kọ orúkọ àwọn àwo sílẹ̀, ó sì ti ń pọ̀ jù fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, bí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí ló sì ṣe ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀?

Ìyá_Àwo_Orin fèsì pé:

Ọmọ mi, jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kejì, kí àwọn ọkùnrin yòókù bá ọ yan àwo. Duke kò dẹ́kun iṣẹ́ rárá. Ó dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2000, ó pè é ní BPM. Ó gbé In the Moment àti The Calling jáde fún Dianne Reeves, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, àwo méjèèjì sì gba ẹ̀bùn Grammy tẹ̀ léra wọn. Akọrin jáàsì pọ́ńbélé ni Dianne, Alárìíwísí, ẹ má fo ìyẹn.

Ní ọdún 2012, Corine aya rẹ̀ jáde láyé. Fún oṣù mélòó kan, kò lè fọwọ́ kan dùùrù. Orí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ti ń ṣe eré jáàsì fún àwọn arìnrìn-àjò ni orin ti padà wá bá a, ohun tó kọ níbẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀ ló sì di DreamWeaver. Àwo náà jáde ní oṣù keje ọdún 2013. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹjọ, ọdún náà, àìsàn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa á ní Los Angeles, ọmọ ọdún 67 sì ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Al Jarreau tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ní Half Note ṣe odindi àwo kan láti fi ṣe ìrántí rẹ̀.

Adúróti_Dùùrù fèsì pé:

Ẹ ṣeun mà. Àbúrò, bẹ̀rẹ̀ láti orí "I Love You More" nínú àwo Master of the Game, ọdún 1979. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ yóò yà ọ́ lẹ́nu, nítorí ìwọ náà ti gbọ́ ọ rí: òun ni àwọn ará Faransé méjì tó ń jẹ́ Daft Punk gé mú, tí wọ́n sì fi ṣe "Digital Love" ní ọdún 2001. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́ sórí "Inca Roads", kí o sì padà sí dùùrù rẹ pẹ̀lú ohun tí mo sọ nípa ọwọ́ òsì. Ìgbà náà ni kí o tó fọwọ́ kan A Brazilian Love Affair, nítorí ó gba sùúrù.

Alárìíwísí fèsì pé:

Fi Faces in Reflection sáàárín méjèèjì, àbúrò, kí o má baà rò pé orin ijó nìkan ni ó mọ̀. Èrò mi lórí Dream On wà níbi tó wà. Muir Woods Suite ni n kò tíì gbọ́ rí. Mo ti rí ẹni tó ní in lọ́wọ́, n ó sì kọ ohun tí mo bá gbọ́ síbí ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ọmọ_Onílù, ẹ múra sílẹ̀ dè mí o.